Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé àti ìdánwò IELTS

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbélé. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti gba ẹrù tí o fi rán dẹ́rẹ́bà. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti owó, kì í sì í ṣe ti ẹjọ́. Ìdánwò IELTS rẹ tó ń bọ̀, tí wọ́n fi ń wo bí ènìyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé àti ilé kíkọ́ tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ṣe jẹun.

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn. Bí o ṣe ń kọ́ wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. O to skyscraper, façade, ornate, derelict àti dilapidated kalẹ̀ bí ẹni pàtẹ ata, o wá ń há wọn sórí níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí a bá há báyẹn kì í fẹ́ jáde lẹ́nu lọ́jọ́ ìdánwò, bó bá sì jáde, ibi tí kò yẹ ló máa ń bọ́ sí. Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ: mú ilé tí o mọ̀, tí o ti wọ̀, tí o ti fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, kí o sì kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà láti ara rẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí apá Speaking, ti ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́nu, ṣe rí. Ní abala kejì, wọn yóò fún ọ ní káàdì, ìṣẹ́jú 1 ni o ní láti rò ó, lẹ́yìn náà ìwọ nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Káàdì náà lè ní kí o ṣàpèjúwe ilé kan tó wù ọ́, tàbí ilé àtijọ́ kan tí o ti lọ wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa á sáré mú Eiffel Tower tàbí Burj Khalifa tí wọn kò rí rí. Lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn, nítorí pé fọ́tò ni wọ́n ń rò. Ìwọ tí a bí sí Ìbàdàn, tí o gba Dùgbẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé, kí ni o fẹ́ lọ wá dé Dubai?

Mú Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Alájà 26 ni, ó ga tó mítà 105. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Nígbà náà, òun ni wọ́n ń pè ní ilé tó ga jù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. Wo iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìtàn kékeré yẹn. “It is a 26-storey office building in the heart of the city.” Má fi s sí storey níbẹ̀, nítorí pé ó ti so mọ́ iye tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ní “it has 26 storeys”, s gbọ́dọ̀ wà. “It was built with the proceeds of cocoa.” “It dominates the skyline.” “It was gutted by fire in 1985 and later refurbished.” Gutted yẹn, ilé tí iná jó inú rẹ̀ tán tí ara rẹ̀ ṣì dúró la máa ń lò ó fún, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí lọ́jọ́ náà. Fún ilé tí gbogbo ìlú fi ń júwe ọ̀nà, landmark ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ti sọ fún ọlọ́kọ̀ rí pé kí ó já ọ sílẹ̀ lẹ́bàá Cocoa House. Sọ ìyẹn náà fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ilé tí o mọ̀ ni.

Gun òkè lọ sí Mápó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn, lábẹ́ ìjọba àwọn Òyìnbó. “It stands on a hill overlooking the old city.” Overlook ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó wọ̀ ọ́ lára jù níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà Mápó tí kò rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Páànù yẹn, “corrugated iron roofs” ni kí o pè é. Bí àwa bá sọ pé zinc, ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ wa rí lè má mọ ohun tí a ń sọ.

Àwọn òpó ràbàtà tó wà níwájú Mápó ńkọ́? Òpó ni gbogbo rẹ̀ lójú wa, láti orí ti Mápó dórí ti iná mànàmáná. Gẹ̀ẹ́sì pín wọn. Ti Mápó, column ni. Ti iná, pole ni. Èyí tó gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró, pàápàá bó bá jẹ́ igi, post ni. Irú èyí tí agbẹ́gilére Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ni wọ́n ń pè ní “carved veranda posts”. Ọ̀kan wà ní Art Institute of Chicago. Ilẹ̀kùn ààfin kan náà tí ọkùnrin yẹn gbẹ́ wà ní British Museum, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí o dé London, lọ wò ó. Agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ojú ère rẹ̀ yọ síta báyẹn kò wọ́pọ̀ láyé, mo sì fẹ́ kí ọmọ mi lè fi èdè tó dáa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń kó àwọn ọmọ tí mo kọ́ sí wàhálà jù ni “wó”. Ilé wó, wọ́n wó ilé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu wa, ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé tó fúnra rẹ̀ wó, collapse ni. Ilé tí wọ́n gbé katapílà lọ wó, demolish tàbí pull down ni. O kò lè sọ pé “the house demolished”. “Was demolished” ni, nítorí pé ẹnìkan ló wó o. Ilé alájà 21 tó dà wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù November 2021, tí ó gba ẹ̀mí tó lé ní 40: “it collapsed while still under construction.” Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi da kọnkéré, n kò lè gbọ́ orúkọ àdúgbò yẹn kí inú mi má bàjẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ààbò ilé, má fi “very bad building” dáhùn. Sọ ohun tó ń wó ilé níbi gbogbo: ìpìlẹ̀ tí kò tó ẹrù tó wà lórí rẹ̀, “inadequate foundations”, ohun èlò tí kò péye, “substandard materials”, àjà tí wọ́n fi kún ilé tí wọn kò wọn agbára rẹ̀, “adding floors to a structure that was not designed to carry them”. Àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ní ìtumọ̀, ẹni tó sọ wọ́n mọ ohun tó ń wí.

Ti demolish, Ilọ́jọ̀ Bar ni kí o máa rántí, ilé àtijọ́ kan ní Tinúbú, Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé ni wọ́n fún Èkó ní irú ilé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, arched windows, àti ọnà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yọ sára ògiri. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní national monument, ìyẹn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Ní September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Bí Task 2, ìyẹn àròkọ inú apá Writing, bá bèèrè bóyá ó yẹ kí ìjọba náwó lórí ilé àtijọ́, wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé kí o mú àpẹẹrẹ láti inú ohun tí o mọ̀ tàbí tí o ti rí. Èyí ni kí o mú. “Despite being a protected national monument, it was demolished in 2016.” Kí o wá gbé Mọ́sálásí Shitta-Bey kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1894, tí ọwọ́ Àgùdà wà nínú kíkọ́ rẹ̀, tó ṣì dúró, tí àwọn ènìyàn ṣì ń kírun nínú rẹ̀: “it has been preserved and is still in use.” Preserve ni pé wọn kò jẹ́ kí ó bàjẹ́. Restore ni pé ó ti bàjẹ́, wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Renovate ni pé wọ́n tún un ṣe, bóyá ó jọ ti tẹ́lẹ̀ tàbí kò jọ ọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Gẹ̀ẹ́sì orí sáìtì wa fún ọ, nítorí pé inú rẹ̀ la ti tọ́ ọ dàgbà. Kò burú, òun la fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Bí o bá ní “decking” fún kọnkéré tí a dà fún àjà ilé, pákó tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ilé fún ìgbádùn ni Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba fi ń gbọ́ ọ; “concrete slab” ni kí o wí. “German floor” kò sí lẹ́nu wọn rárá. “Concrete ground floor” ti tó. “Burglary proof” ni “window bars”. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe “upstair”, kì í sì í ṣe “storey building” lásán. “A two-storey house” ni, kí o máa sọ iye àjà rẹ̀. “Self-contain” ni “studio flat”. Ṣọ́ra fún duplex gan-an: lọ́dọ̀ wa, ilé ńlá onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dá dúró ni, ní ìlú Ọba, flat tó ní àjà méjì nínú ilé ńlá ni, ní Amẹ́ríkà, ilé kan tí wọ́n pín fún ìdílé méjì ni. “Detached house” kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

“Face-me-I-face-you” nìkan ni n kò fẹ́ kí o jù nù. Pe orúkọ rẹ̀, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: “a building where families rent single rooms on both sides of a long corridor and share one kitchen and one bathroom.” Ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn túmọ̀ ohun tí ẹnìkejì kò mọ̀, wọ́n máa ń fún un ní máàkì fún ìyẹn, nítorí pé ó wà lára ohun tí wọ́n ń wò lábẹ́ ọ̀rọ̀ lílò. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní Òkè-Àdó. Má tijú láti sọ ọ́.

Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ràn láti bi ní abala kẹta Speaking ni bóyá ẹwà ilé ló ṣe pàtàkì jù àbí ìwúlò rẹ̀. Ronú sí Yunifásítì Ìbàdàn. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ìlú Ọba, ló ya àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀. Oòrùn àti ooru ni wọ́n kọ́kọ́ rò: ògiri tó ní ihò láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, báńkóní tó ń ṣíji bo yàrá. Perforated screens. Shaded balconies. Cross-ventilation, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé tó gba òdìkejì jáde. Ihò ara ògiri yẹn kan náà ló sì di ọ̀ṣọ́ ilé náà. “The screens are both functional and decorative.” Bí o bá sọ èyí tọkàntọkàn, tí o sì rántí bí ara ṣe máa ń tù ọ́ nínú ibẹ̀ láìsí fáànù, ọ̀rọ̀ kò ní tán lẹ́nu rẹ.

Ìyókù kò pọ̀. Nínú Academic Writing Task 1, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú apá ìwé kíkọ, wọ́n lè gbé àwòrán ilé tàbí ìlú fún ọ, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Was extended, was converted into, was replaced by, a new wing was added ni yóò ṣiṣẹ́ fún ọ jù. Nínú Listening, apá gbígbọ́, bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, máàkì rẹ̀ ti lọ, nítorí náà fọwọ́ kọ accommodation, ceiling àti corridor títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ̀ wọ́n. Storey ti ìlú Ọba àti story ti Amẹ́ríkà, wọ́n gba méjèèjì, ṣùgbọ́n má pa wọ́n pọ̀ nínú ìwé kan. Ch inú architect, k ni wọ́n ń pè é. Ch inú arch, ti church ni. Architecture kì í gba s.

Ní ọjọ́ Sátidé, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń kàwé, ẹ lọ dúró níwájú Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Martins Street, ní Èkó tí o wà níbẹ̀, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ. Wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí o tó la ẹnu. Lẹ́yìn náà, sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 lédè Gẹ̀ẹ́sì sínú fóònù, láìka ìwé, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò gbọ́ ọ, màá sì kọ ibi tó bá yẹ ní títúnṣe ránṣẹ́ padà sí ọ lálẹ́ Sunday.

Ìyá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.