Lẹ́tà sí Àkànní Nípa Àṣíborí Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀bútẹ́, Ìkòròdú.

Àkànní ọmọ mi,

Àbúrò rẹ jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. O ní àṣíborí tí mo rà fún ọ ń mú ọ làágùn, àwọn ará Holland tó ń gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni mumi kì í sábà dé e, àti pé bí tírélà bá gbá èèyàn, kí ni fóòmù inú rẹ̀ fẹ́ ṣe sí i? Mi ò bínú. Òógùn, o ó wẹ̀ ẹ́ dànù.

Ti tírélà, mo gbà fún ọ. Iṣẹ́ fóòmù yẹn ni pé kó fún pọ̀ kí agbárí rẹ má baà fọ́ nígbà tí o bá forí kanlẹ̀. Kò lè dá tírélà tó ń ti Ṣágámù bọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti ṣubú tí mo mọ̀, èwo ni ti tírélà níbẹ̀? Kòtò tí omi òjò bò ni àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ni èkejì. Ẹ̀kẹta, fóònù lò ń tẹ̀. (Ìyá rẹ ò tíì gbọ́ ìyẹn.)

Àwọn ará Holland ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò kì í gbà. Bá mi wá irú rẹ̀ kan láti Odógunyàn dé gáréèjì Ìkòròdú, èmi fúnra mi á bá ọ ju àṣíborí náà sínú ọ̀sà.

Lọ́dún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà dé àṣíborí, àwọn kan gbé igbá korí. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń sá fún, wọn ò ro ti orí wọn. Èyí tí o gbé kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn, kò sàn ju igbá lọ. Dì í lábẹ́ àgbọ̀n. Bó bá sì ti forí gba ìṣubú gidi kan, má dé e mọ́, bí o ò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán. Sọ fún mi, màá ra òmíràn.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé kí àṣíborí náà má lọ kì ọ́ láyà jù. Kí n tó rà á, o kì í gba títì Ṣágámù lálẹ́. Wọ́n ní o ti ń gbà á báyìí. Padà sí ọ̀nà inú àdúgbò, kódà bó jìn. Kí o sì tún búréèkì ẹ̀yìn yẹn ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.