Ẹ̀yin Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, Ilé Ọmọdé Wa Kò Tíì Ní Òrùlé

Ẹ̀yin ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín kú iṣẹ́ ajé. Ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú ọmọdé tí ẹgbẹ́ wa ń kọ́, tí gbogbo wa mọ̀ yẹn náà ni. Láti ìgbà tí ògiri ti dé orí fèrèsé, ibẹ̀ ló ṣì wà. Ewédò ti bo búlọ́ọ̀kù, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú yàrá tó yẹ kí abiyamọ máa jókòó sí.

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lórí WhatsApp: "Owó àkọ́kọ́ dà?" Ó wà lára ògiri náà. Òun la fi ra sìmẹ́ńtì, irin àti yanrìn, òun la fi sanwó bíríkìlà. Nígbà tí sìmẹ́ńtì gbówó lórí, ìyókù kò ra páànù mọ́. Rìsíìtì pé lọ́wọ́ akápò. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti kà wọ́n sókè nípàdé, àwọn tó ń bèèrè jù kò sì yọjú. Kò sí kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ tó wọ àpò ẹnikẹ́ni.

Ìlú wa kọ́ ló yẹ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ wa ni Dókítà David Morley, tó wà ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà láti 1956 sí 1961, ti tọpa ìdàgbàsókè àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tó tibẹ̀ jáde ti kárí ayé. Ìyá mi tọ́jú tèmi sínú agolo bisikíìtì títí ó fi jáde láyé: àmì kéékèèké ń gòkè, ó wálẹ̀ níbi tí ibà ti dá mi dùbúlẹ̀, ó tún gòkè.

Ẹ sì wo Ìgbájọ, ìlú tó wà nítòsí wa. Nígbà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, Ìbàdàn pàgọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn, Ààrẹ Látòóṣà, olórí Ìbàdàn, sì kú sí àgọ́ náà ní 1885. Ẹ̀gbẹ́ òkè tiwa ni Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, àwọn ọ̀gágun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, dúró sí, ogun náà kò sì ṣẹ́ wọn títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886. Lónìí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ìgbájọ ti dá poli tiwọn sílẹ̀. Àwa ń wá páànù.

Ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Kábíyèsí mọ ara rẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún yín, a ya fọ́tò yín. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a ti pè yín títí, ẹ kò gbé e. Àwọn ìyá wa tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà ti san tiwọn pé. Ọ̀kan nínú wọn so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ wá, náírà ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e lé akápò lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́lé sí Èkó, tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n, ojú wo la ó fi wo ìyá náà? Ẹ jọ̀ọ́, a fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ọmọ ilé, ₦10,000. Ọmọ òkè òkun, £50. Àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì ẹgbẹ́ yín. Ẹ kọ orúkọ àti agboolé yín sí i, kó tó di 1 Oṣù Kejìlá.

Káfíńtà ti wá wọn ilé náà. Ó ní ká pe òun lọ́jọ́ tí pákó bá balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lè pè é kí òjò tó tún dé.

Akọ̀wé,
fún Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ