Ẹ fi téèpù wọn ikùn wa

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ohun tí mo rí nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín.

Èmi ni mo ń ránṣọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ní 2016, íǹṣì 35 ni ikùn wọn. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti di 43. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, èmi náà ni mo ń tú sòkòtò wọn fẹ̀ sí i. Ọwọ́ wọn kò tóbi, ẹsẹ̀ wọn kò tóbi, ikùn nìkan ló ń yọ, àwọn ará ilé sì ń kí wọn kú oríire. Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á ní kí wọ́n gun orí ìwọ̀n, á ní kò tíì burú. Kò sí ẹni tó fi téèpù kan ikùn wọn rí. Lónìí, kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dípò mẹ́ta, torí owó.

Ọ̀rá tó lọ́ mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀ nínú ikùn léwu ju èyí tó wà lábẹ́ awọ lọ. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Kíndìnrín tó ń kú lọ kì í sì í tètè dun èèyàn. Àwa Yorùbá tún ní láti ṣọ́ra gan-an, nítorí irú àbùdá àjogúnbá APOL1 kan tó lè mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ wọ́pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Ẹ mú okùn, ẹ fi wọn ara yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ẹ ká a sí méjì, kí ẹ fi yí ikùn po lókè ìdodo díẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá pàdé, ikùn ti kọjá ààlà. Ohun tí àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé láti 2022 nìyẹn, pé kí ikùn má tó ìdajì gíga ara. Íǹṣì 68 ni gíga ẹ̀gbọ́n mi, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 34. Àṣé 35 tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, tí mo kà sí ara tó dá pé, ti kọjá ààlà!

Okùn kò lè sọ pé kíndìnrín ń ṣàìsàn. Ẹni tó yẹ kó lọ yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò ló ń fi hàn. Mo bẹ ìjọba Èkìtì, kí gbogbo ilé ìwòsàn wa, láti Ọ̀tùn dé Ìlawẹ̀, gbé téèpù kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá mú mẹ́wàá lọ fún èyí tó wà ládùúgbò mi.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì