Ẹ̀yin Lọ́yà Nótárì, Ẹ Rí Ojú Èèyàn Kẹ́ ẹ Tó Lẹ Sílì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, ó dá lórí àwọn nótárì, ìyẹn àwọn lọ́yà tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, tí wọ́n ń lẹ sílì, èdìdì wọn, sórí ìwé láì rí ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Abuja níbí àti àwọn tó wà ní Kaduna, Jos àti Kano ló máa kàn lọ́jọ́ kan.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ní, nítòsí kóòtù kan níbí, ìwé títẹ̀ àti fótòkọ́pì niṣẹ́ mi. Ìwé táwọn èèyàn ń gbé lọ fún nótárì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀, power of attorney (ìwé téèyàn fi ń fún ẹlòmíì láṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ òun), afidáfítì (ìwé ìbúra) lórí orúkọ tí ò bára mu, lẹ́tà òbí tó gbà kí ọmọ ẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n òun lọ sókè òkun, ẹ̀dà sáàtífíkéètì tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Ohun tí mo ń rí báyìí ni pé ẹni tó ni ìwé kì í wá mọ́. Ọmọ kan ló máa kó ìwé rẹpẹtẹ dání, á wọlé sọ́fíìsì lọ́yà, kò ní pẹ́ á jáde, sílì pupa ti wà lára gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé àwọn tó ni ìwé yìí dà. Wọ́n ti sọ sílì di ohun tí wọ́n ń tà bí ẹni ń ta sítáǹpù lẹ́tà.

Kì í sì í ṣe gbogbo lọ́yà ni nótárì o, káwọn tí ò mọ̀ lè mọ̀. Adájọ́ Àgbà fún Nàìjíríà, CJN fúnra ẹ̀, ló ń yàn wọ́n, òfin Notaries Public Act ló fún un lágbára bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì yàn ti di òṣìṣẹ́ Supreme Court, kóòtù tó ga jù lọ, nìyẹn, á búra kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Torí náà tó bá sáìnì tó lẹ sílì mọ́ ọn, ohun tó ń sọ fáráyé ni pé ẹni yìí dúró síwájú mi lónìí, níbí yìí, mo rí i dájú pé òun ni, ọwọ́ ara ẹ̀ ló sì fi sáìnì. Tẹ́ni náà ò bá wá ńkọ́? Irọ́ ni nótárì yẹn pa, mi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pè é.

Irọ́ ọ̀hún sì lágbára ju irọ́ tẹ́lòmíì lọ. Evidence Act 2011, òfin tó sọ bí kóòtù ṣe ń gba ẹ̀rí, sọ ọ́ pé tí power of attorney bá ti fi hàn pé iwájú nótárì ni wọ́n ti ṣe é, kóòtù máa gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí, àfi tẹ́nìkan bá fi ẹ̀rí já a. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló máa máa wá ẹ̀rí kiri, kì í ṣe ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ní Abuja yìí, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀, power of attorney yìí náà lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra pulọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ara wọn, ìwé kan ṣoṣo lè gba gbogbo ohun téèyàn fi ọjọ́ ayé ẹ̀ kó jọ.

Bàbá kan wà tí mo mọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti ṣòwò títí ní Kaduna kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Nyanya. Wọ́n ní pulọ́ọ̀tù kan lọ́nà Gwagwalada. Ọmọ àbúrò wọn kan gbé power of attorney jáde pé bàbá ti fún òun láṣẹ láti tà á, ìka wà níbẹ̀, sílì nótárì wà níbẹ̀, déètì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni bàbá wà nílùú wọn lọ́hùn-ún. Ìgbà tí wọ́n wá ṣe fótòkọ́pì ẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni wọ́n ní, “Ìyá Ṣẹ́gun, ta ló rí mi tó fi kọ̀wé pé òun rí mi?” Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣì wà ní kóòtù torí náà mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ti èdè tún wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù. Òfin ò ní kí ẹni tí ò kàwé kàn tẹ̀ka. Evidence Act yẹn náà ló sọ pé tí afidáfítì bá jẹ́ ti ẹni tí ò mọ̀wé tàbí tí ojú ẹ̀ ò ríran, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, tí ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n gbọ́dọ̀ túmọ̀ ẹ̀ sí èdè ẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀ àti pé ó hàn pé ó yé e. Mo ti rí lọ́yà tó fi Gẹ̀ẹ́sì bi màmá àgbà kan pé ṣé ó yé wọn, màmá yẹn kàn mi orí torí ẹ̀rù lọ́yà ń bà wọ́n, lọ́yà sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yé wọn. Kí ló yé wọn? Tí nótárì ò bá gbọ́ Yorùbá, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Abuja nìyí, oríṣiríṣi èdè là ń sọ, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ kó túmọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún síbẹ̀. Àwa tá a ń bá wọn kọ ìwé náà, òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí ò mọ̀wé ní ká kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wa sórí ìwé tá a bá bá wọn kọ. Èmi ń kọ tèmi.

Nótárì ò sì gbọ́dọ̀ lẹ sílì sórí ọ̀rọ̀ tí òun náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Tẹ́nìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, kó rántí ẹjọ́ ìbò Ààrẹ 2007, Buhari àti INEC, tó dé Supreme Court lọ́dún 2008. Àwọn ẹlẹ́rìí ti búra níwájú nótárì, ṣùgbọ́n nínú chambers, ìyẹn ọ́fíìsì, lọ́yà tó ń gbẹjọ́ Buhari rò ni nótárì ọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́, bí kóòtù ṣe da ìwé àwọn ẹlẹ́rìí yẹn nù nìyẹn. Ẹjọ́ Ààrẹ odindi o!

Àwọn kan á ní ayé ti lajú, pé wọ́n ti tún Evidence Act ṣe lọ́dún 2023, èèyàn lè búra afidáfítì lórí fídíò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lórí fídíò náà ẹ máa rí ojú ẹni yẹn, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹ máa bi í ní ìbéèrè. Ìròyìn ò tó àfojúbà, kò síbi tí òfin ti ní kí ọmọ iṣẹ́ bá ẹnìkan búra.

Ẹ má sì rò pé ibòmíì ni wọ́n á ti yẹ ìwé yẹn wò. Ìwé tó ń lọ sókè òkun máa ń kọjá lọ́dọ̀ Ministry of Foreign Affairs ní Tafawa Balewa House kó tó dé ẹ́ḿbásì, àmọ́ ìfọwọ́sí àti sílì ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, wọn ò wádìí bóyá òótọ́ lohun tó wà nínú ẹ̀. Nótárì nìkan ló láǹfààní láti rí èèyàn lójú kojú. Tóun náà bá di ojú ẹ̀, ó parí.

Mo mọ̀ pé owó tí wọ́n ń gbà lórí ìwé kan ò tó nǹkan àti pé oníbàárà máa ń kánjú, gbogbo wa là ń wá oúnjẹ. Ẹ̀bẹ̀ mi sí NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ẹ̀ka Abuja ni pé kí wọ́n ní kí nótárì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan, kí ẹni tó bá wá kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀, kó fi NIN hàn, kó tẹ̀ka tàbí kó sáìnì síbẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ àwọn ìwé náà wò. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ CJN tó yàn án. Tí nótárì kan bá sì ka lẹ́tà yìí tó rò pé mo ṣì í sọ, kó kọ̀wé sí Olóòtú, kó ṣàlàyé fún wa bó ṣe ń dá ẹni tí ò rí mọ̀.

Ìyá Ṣẹ́gun,
Kubwa, Abuja.