Ẹ má yọ ìyèré àti irú kúrò nínú àkójọ yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ojú ewé ìdáná yín fi gbogbo àyè rẹ̀ sọ̀rọ̀ èlò ọbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí èlò ọbẹ̀ gbígbẹ ni mo ń tà ní ọjà Sábó, níhìn-ín ní Ṣàgámù, ìyá mi ló sì fà á lé mi lọ́wọ́. Ọmọ wa tó kọ ọ́ gbìyànjú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n àkójọ tó ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ilé ìdáná sílẹ̀, mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ìgò mẹ́rìnlélógún ló kà sílẹ̀, rósímárì, ewé olóòórùn òkèèrè kan, wà nínú wọn. Mo wá irú níbẹ̀, mi ò rí i. Mo wá ìyèré, mi ò rí i. Atare kò sí, ògìrì kò sí, nínú ìwé ìròyìn tí a fi èdè Yorùbá kọ.

Kì í ṣe pé mo kàn ń ṣe ìlara fún nǹkan òkèèrè. Àwọn èèyàn ń gé ojú ewé yẹn wá bá mi ní ìsọ̀. Ìyàwó kékeré kan wá láti Ìperu, ó nà án sí mi, ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi wo èyí tí ẹ ní níbẹ̀.” Mo bi í pé, “Ọmọ mi, kí lẹ máa ń sè nílé?” Ó ní ọbẹ̀ ata, ẹ̀fọ́, ewédú, ẹ̀wà, ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú, ebìrìpò nígbà tí kókò bá wà, ìkọ́kọrẹ́ bí ìyá ọkọ òun bá wá kí wọn. Èwo nínú oúnjẹ wọ̀nyí ló fẹ́ fi rósímárì sè? Ohun tí èèyàn ń sè ló ń yan èlò fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò, kí ẹ tó dé orí àtẹ.

Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ohun tó pọn dandan kò pọ̀ rárá. Ata gbígbẹ, irú, edé, àlùbọ́sà, aáyù àti atalẹ̀ ni ilé tó ń jẹ oúnjẹ wa kò lè ṣe aláìní. Kọ́rì àti táìmù ti di tiwa nínú ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìẹ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn, ìgò kékeré kọ̀ọ̀kan ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ọbẹ̀ ẹlẹ́ja tútù àti pẹ́pẹ́ sùúpù, pàápàá èyí tí a ń sè fún ìyá ìkókó: ìyèré, ẹ̀ẹ̀rù, ehuru, atare, kànáfùrù. Ẹni tó bá máa ń dín ṣinṣín tàbí pọ́ọ̀fù lè fi nọ́tímẹ́gì kún un. Ó parí.

Ata gbígbẹ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun la máa ń rà láìwò. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ mì í létí. Èyí tó gbẹ dáadáa, kóró inú rẹ̀ á máa dún ṣaraṣara. Ẹ wá ṣẹ́ ẹ sí méjì. Bó bá ṣẹ́, ó dára. Bó bá kàn ń tẹ̀, tí kò ṣẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ bu. Ẹ wo inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí ara ata lè pọ́n dẹ̀dẹ̀ lóde kí inú rẹ̀ ti dúdú, kí ohun funfun sì ti ta mọ́ kóró rẹ̀. Ẹ dá irú ìyẹn padà fún ẹni tó ń tà á, bó bá jẹ́ èmi náà ni. Oró kan lè wà nínú ata tó bu, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, iná tí a fi ń dáná nílé kò sì tó láti pa á. Ẹ lè se ọbẹ̀ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, oró náà ò ní kúrò níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń ṣa ibi tó bu kúrò, tí wọ́n ń kó ìyókù lọ sí ẹ̀rọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n ra odindi, kí wọ́n lọ̀ ọ́ fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀. Ata tí wọ́n ti lọ̀ kò ní inú tí a lè wò mọ́. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń po nǹkan mìíràn mọ́ ata lílọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2005, oúnjẹ tó lé ní 400 oríṣi ni wọ́n kó kúrò lórí àtẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n bá àró tí wọ́n ń pè ní Sudan nínú ata lílọ̀ tí wọ́n fi ṣe ọbẹ̀ inú ìgò kan, tí wọ́n sì ti fi ọbẹ̀ inú ìgò yẹn se oúnjẹ mìíràn káàkiri. Àró tí wọ́n fi ń pa epo mọ́tò àti ìpara bàtà láwọ̀ ni, kì í ṣe ohun jíjẹ. NAFDAC náà ti kìlọ̀ fún wa lórí irú àró yìí nínú epo pupa.

Atalẹ̀ ń kọ́? Gúúsù Kàdúná ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní 2023, àrùn kan bọ́ sí oko atalẹ̀ níbẹ̀, ó ba èyí tó wà nínú ilẹ̀ jẹ́, owó rẹ̀ sì fò sókè. Àwọn ará Òkè Ọya tó ń kó o wá bá wa ní Sábó, àwọn kan náà tó ń ra obì Rẹ́mọ lọ, orí ni wọ́n ń mì nígbà tí wọ́n ń dá iye lé e. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí lẹ́búlẹ́bú atalẹ̀ tí kò ta lẹ́nu. Mo tọ́ ọ̀kan wò, ìyẹ̀fun lásán ni ahọ́n mi bá pàdé. Ẹ ra èyí tí wọ́n là, tí wọ́n sá gbẹ. Ẹ ó rí ojú rẹ̀, ó sì ṣeé gún nínú odó kékeré.

Kànáfùrù ní ìdánwò tirẹ̀, ìyá mi ló fi hàn mí. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ sọ ẹyọ díẹ̀ sí i. Èyí tí òróró ṣì wà lára rẹ̀ á rì, tàbí kó dúró lóòró sínú omi, kí orí rẹ̀ wà lókè. Èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí omi, wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tà tàbí ó ti pẹ́ jù, igi ni ẹ fẹ́ fowó yín rà yẹn. Bí omi kò bá sí nítòsí, ẹ fi èékánná tẹ ọrùn rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá òróró á yọ.

Ìyèré, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn tó dára á ti imú dé ọ̀fun. Ní ti ẹ̀ẹ̀rù, èèpo ló ní òórùn, kóró inú rẹ̀ korò, nítorí náà ẹ má ṣe ra èyí tí èèpo rẹ̀ ti rún. Ehuru, ẹ yan án kí ẹ tó bó o. Atare kò ní wàhálà kankan: ẹ rà á pẹ̀lú èèpo, ẹ má sì là á títí di ọjọ́ tí ẹ ó lò ó. Èèpo yẹn ni ìgò rẹ̀.

Mo wá dé orí irú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó wà nínú irú kò ní yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ kankan. Wọ́n á sè é láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún sè é, kí wọ́n tó dì í mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó lè gba òórùn. Bí ẹ bá ń ra irú wóró, ẹ wo kóró rẹ̀ bóyá ó pé, kí ẹ sì fi ìka yí i wò bóyá yanrìn wà níbẹ̀. Irú pẹ̀tẹ̀ ni ti ewédú. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta yín lójú, ó ti kọjá àkókò rẹ̀. Ògìrì tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ̀gúsí la fi ń ṣe é, a sì ń pọ́n ọn sínú ewé. Nílé tiwa, ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní ògìrì kò tíì jinná. Ẹ fi iyọ̀ pa irú, ẹ pín in sínú ike kéékèèké olómọrí tó le, kí ẹ kó o sínú fírísà. Ògìrì náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ́ pé irú ń mú kí fìríìjì rùn bí ìdérí bá dára.

Àwòrán tí ẹ fi sí àpilẹ̀kọ náà ni mo fẹ́ kí ẹ tún wò. Àtẹ ìgò tó mọ́ rekete, wọ́n gbé e kọ́ sókè sítóòfù gáàsì, fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n ibi tó burú jù lọ nínú ilé ìdáná nìyẹn. Òróró tó wà nínú èlò ló ń ta sánsán, ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló sì ń lé e lọ. Ooru tó ń ti inú ìkòkò jáde á mú kí èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú dì gbagidi. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn, tó jìnnà sí iná, ni kí ẹ kó wọn sí. Ní tèmi, ìkòkò ni mo fi pín wọn. Ti ọbẹ̀ ojoojúmọ́ wà níwájú, ti pẹ́pẹ́ sùúpù wà pa pọ̀ nínú ike kan tí mo lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ti ìrẹsì wà lápá kejì. Pépà kékeré wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, mo kọ oṣù tí mo rà á sí i. Odindi tó gbẹ lè lo ọdún mẹ́ta kó ṣì dára. Èyí tí a ti lọ̀, kí ọdún kan tó pé, òórùn rẹ̀ á ti máa dínkù. Ẹ má gbọn ìgò sórí ìkòkò tó ń hó. Ẹ dà á sọ́wọ́ ná, tàbí kí ẹ fi ṣíbí gbígbẹ bù ú.

Òjò ilẹ̀ wa kì í ṣe ti eré, gbogbo nǹkan ló ń rin. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ ra ata, kí ẹ tún sá a fún ọjọ́ kan sí méjì kí ẹ tó dì í. Lásìkò òjò, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa rà. Mo mọ̀ pé ọjà mi ni mo ń dínkù bí mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra kóńgò ata lọ́wọ́ mi kó wá bu mọ́ ọn lọ́wọ́ nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún ọmọ wa tó kọ ọ́ pé kó tún àkójọ náà ṣe. Bó bá lè wá sí Sábó, èmi á mú un kiri ìsọ̀, á fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀, á sì gbóòórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àyè kò bá sì gba gbogbo lẹ́tà yìí, ẹ gé ti kọ́rì àti nọ́tímẹ́gì kúrò. Ẹ jẹ́ kí ti ata tó bu dúró.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Elélò Ọbẹ̀,
Ọjà Sábó, Ṣàgámù.