Wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, Ìdòwú

Kétu,
Ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Ìdòwú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ti dé dáadáa níhìn-ín. Láti àná ni ó ti ń rọ̀ lu páànù, ìró rẹ̀ sì mú mi rántí bí àwa méjèèjì ṣe máa ń gbé ìwé wa sábẹ́ ibùsùn ní Àjàṣẹ́ nígbàkígbà tí òrùlé yàrá wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ojú ìyá mi ti sàn, Táyé ti bí ọmọkùnrin, a sì ti san gbèsè ilé tán. Jẹ́ kí n fi ìròyìn mọ síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Wọ́n ti fi mí sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Inú mi dùn sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá ilé-ìwé ló pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, tó sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà lọ èmi ni n ó máa ṣojú àwọn olùkọ́ nínú ìgbìmọ̀ tí òun, onílé-ìwé àti àwọn aṣojú òbí jọ ń ṣe. Olùkọ́ kan kò dìbò fún mi. Ẹnu ọ̀gá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti gbọ́ ọ, bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kan nínú wọn sì ti ń dákẹ́ bí mo bá wọ yàrá olùkọ́. Èyí dùn mí ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ, nítorí o mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tí í gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo lọ bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn kan àtàrí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àga àti tábìlì ni obìnrin kan nínú àwọn òbí, tí ó ń din gàrí tà, dìde. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú ìwé ìsanwó méjì jáde tí wọ́n ti ká mọ́ra bí ewé gbígbẹ, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi nà. Sẹ́fà 500 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bébà ìdánwò ni wọ́n sì kọ sórí méjèèjì. Kò pariwo rárá. Ojú mi ni ó wò, ó ní, “Ìyá olùkọ́, èwo nínú méjèèjì ni ọmọ mi fi ṣe ìdánwò?”

Ìdòwú, mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ojú pátákó ni mo kọ ìdánwò kíláàsì mi sí, ẹfun sì kún ọwọ́ mi dé ìgúnpá, nítorí pé bébà kankan kò dé ọ̀dọ̀ wa. Mo la ẹnu. Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá ti ṣí ìdérí bírò rẹ̀, tó sì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan láìgbójú sókè. Kò wí nǹkan kan, kò sì wò mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kú sí mi lẹ́nu. Mo ní, “A ó wádìí rẹ̀.” Obìnrin náà ká àwọn ìwé rẹ̀, ó dá wọn padà sí ìdí aṣọ, ó sì jókòó. Ojú ti mí títí mo fi délé.

Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni àdéhùn iṣẹ́ mi. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni, ó máa parí ní òpin oṣù yìí, ọwọ́ onílé-ìwé nìkan ni ó sì wà bóyá yóò tún un ṣe tàbí kò ní tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n lè fi ẹnu kan ṣoṣo lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, báwo ni yóò ṣe sọ òtítọ́ lójú ẹni tó lè lé e? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka lẹ́tà tí o kọ ní oṣù Kejì, tí mo ń kà á bí ẹni pé n kò tíì kà á rí. O ní òfin ẹ̀kọ́ Quebec, ní Kánádà níbi tí ẹ wà, sọ pé nínú oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni àwọn olùkọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò péjọ láti dìbò yan àwọn tí yóò ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀, àti pé bí wọn yóò ṣe yàn wọ́n wà nínú àdéhùn iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ olùkọ́ fọwọ́ sí. Bí àdéhùn náà kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé tó lè là á kalẹ̀, òun náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn olùkọ́. Ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 20 lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 4, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ tó 2 nínú wọn. Òbí ni alága, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn gan-an ni. Ọ̀gá ilé-ìwé ń jókòó, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìbò. Ìwé àti ohun èlò tí àwọn òbí yóò fi owó ara wọn rà pàápàá, iwájú ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń gbà kọjá! Èyí tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta ni pé wọn kò lè pe ọmọ ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́ nítorí ohun tó fi òtítọ́ inú ṣe nínú iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Mo ronú kan obìnrin onígàrí wa, mo sì sunkún díẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀. N kò gbà. Bí mo bá kúrò, ẹni tí kò ní ṣe ju kó máa mi orí lọ ni wọn yóò fi rọ́pò mi, a ó sì máa sọ pé olùkọ́ wà nínú ìgbìmọ̀. Tèmi ni pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ìjókòó nínú ìgbìmọ̀, nítorí àwa ni a mọ̀ bóyá bébà dé tàbí kò dé. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́, ó yẹ kí wákàtí rẹ̀ wà nínú wákàtí iṣẹ́, kí ó sì ní ààbò tirẹ̀. Ìwé ìmọ̀ràn àgbáyé lórí ipò olùkọ́, tí a fi ọwọ́ sí ní Paris ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 1966, ti sọ pé ó yẹ kí a dáàbò bo olùkọ́ lọ́wọ́ ìgbésẹ̀ àìtọ́ tó lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. A ń ṣe ọjọ́ náà ní àjọ̀dún lọ́dọọdún, a ń rán aṣọ ẹgbẹ́, a ń jó, ṣùgbọ́n n kò tíì rí gbólóhùn yẹn nínú àdéhùn iṣẹ́ olùkọ́ kan tí mo mọ̀ ní Kétu níbí.

Mo tún rántí ìyanṣẹ́lódì yín ti ọdún 2023, láti ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, tí ẹgbẹ́ yín kò ní àpò owó tí yóò fi ràn yín lọ́wọ́, tí o sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀wà ni ẹ̀ ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́. Ọkàn mi kò balẹ̀ nípa rẹ nígbà yẹn, bí mo tilẹ̀ ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀wà ló ń mú ọmọ dàgbà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Benin, òfin ọdún 2018 kò gbà kí ìyanṣẹ́lódì ju ọjọ́ 10 lọ lọ́dún, tàbí ọjọ́ 2 lóṣù. Nítorí náà, ohun tí a bá kọ sínú àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i ni ó kù tí a lè gbára lé.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí gan-an rèé. Wọ́n ti fún mi ní àdéhùn tuntun. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ti àtẹ̀yìnwá: “Olùkọ́ yóò máa wá sí gbogbo ìpàdé ìgbìmọ̀ tí a bá pè é sí, ní ọjọ́ yòówù, owó oṣù rẹ̀ sì ti ká a mọ́.” Ọjọ́ 27 oṣù yìí ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: pé àwọn olùkọ́ fúnra wọn ni yóò dìbò yan aṣojú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, pé wákàtí ìpàdé yóò wà nínú wákàtí iṣẹ́ wọn, àti pé ohun tí aṣojú bá fi òtítọ́ inú sọ nínú ìgbìmọ̀ kò ní jẹ́ ìdí láti má tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ mẹ́fà ti sọ pé àwọn yóò bá mi fọwọ́ sí i. Ẹni tó máa ń dákẹ́ jù nínú yàrá olùkọ́ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Jọ̀wọ́, ya àwòrán ojú-ìwé àdéhùn yín tó sọ bí ẹ ṣe ń yan aṣojú, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ní èdè Faransé gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, nítorí onílé-ìwé ka ìwé, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún ohun tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí. Ka ọ̀rọ̀ mi náà, kí o sọ fún mi ibi tí ó bá kù sí. Kí ó dé kí ó tó di ọjọ́ 25. Má ṣe sọ fún ìyá mi bí ó bá pè ọ́. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti lọ bá obìnrin náà níbi tó ti ń din gàrí, mo sì sọ ìdáhùn tí kò gbọ́ ní ọjọ́ Sátidé yẹn fún un. Ó kó ìwé ìsanwó méjèèjì fún mi pé kí n máa tọ́jú wọn títí di ìpàdé tó ń bọ̀. Ó tún bu gàrí sínú ọ̀rá fún mi, ó ní mo ti rù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ ní Montréal lóṣù Kẹjọ, n ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ rán sí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́