Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń sùn lórí àga?

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná wa. Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú.

Màmá Ìyábọ̀ tó yà sọ́dọ̀ yín ní Ìkòròdú ló dé, tó ní orí àga pálọ̀ lòun ti bá ọkọ rẹ tó ń sùn. Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Nígbà tó lọ, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ṣé fóòmù ẹsẹ̀ bàtà 4.5 bai 6 tí o gbé wọlé ọkọ lẹ ṣì ń sùn lé? O rówó ra aṣọ ẹbí mẹ́ta, o ò rówó fóòmù! Ínṣì 54 ni fífẹ̀ rẹ̀. Pín in sí méjì, 27 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo rà fún ọ lọ sí bọ́dìn, 2.5 bai 6, ínṣì 30 ni, ìwọ nìkan lo sì ń sùn lé e. Ọkọ rẹ tó síngbọnlẹ̀ yẹn, níbo ni kó gbé èjìká sí?

Má bínú, ọmọ mi. Oyún ń dà ọ́ láàmú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ló ń sùn lórí àga?

Orí àga ni bàbá rẹ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ní ká ra 6 bai 6, mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ la máa rà. Ó ní kò burú. Ó kó ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀, ó ní ọmọ ń ké lóru. Ọmọ dákẹ́, kò padà. Mo máa ń sọ fún yín pé obìnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ mi. Obìnrin yẹn wá lóòótọ́, àmọ́ àga ló kọ́kọ́ gbà á.

Yàrá yín, 10 bai 12, á gba 6 bai 6. Ẹ kọ́kọ́ fi tépù wọ̀n ọ́n, kí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lè ṣí. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ògiri: o ò ní máa gun ọkọ rẹ kọjá torí pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, jókòó sí etí rẹ̀. Bí ìdí rẹ bá kan pákó ìsàlẹ̀, fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ tú ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, ooru ni.

Mo kó àjọ. Mo ti fi ìdajì rẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ, kí òun náà dùbúlẹ̀ lé e kẹ́ ẹ tó sanwó. Lọ́jọ́ tó bá sùn síbẹ̀ mọ́jú, pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ aago márùn-ún ìdájí.

Èmi ni, ìyá rẹ.